Mo dán strategy (ìlànà rírà àti títà) 240 wò lórí ṣíà NGX (ọjà ṣíà Nàìjíríà), ọ̀kan pa owó gan-an. Ṣé kí n kó owó àjọ mi sí i?

Atẹ̀wé_Òkèfíà:

Ẹ káalẹ́ o gbogbo ilé. Òṣogbo ni mo wà, ọ̀nà Òkèfíà níbí, mo máa ń tẹ project fún àwọn ọmọ ilé ìwé, tí kọ́sítọ́mà bá ti dáwọ́ dúró lálẹ́ tí iná sì wà ni mo máa ń jókòó ti láptọ́ọ̀pù mi. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń kọ́ Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ kóòdù, torí ọ̀rọ̀ ṣíà. Mo wa iye owó ojoojúmọ́ ṣíà 30 jọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, NGX ni gbogbo wọn, láti 2012 títí dé ìparí 2023, mo wá kọ kóòdù tó ń dán oríṣiríṣi ọ̀nà wò lẹ́ẹ̀kan náà: moving average (ìpíndọ́gba owó ọjọ́ mélòó kan tó kọjá) méjì tí ọ̀kan ń gun orí èkejì, RSI (nọ́ńbà tó ń sọ bóyá owó ti gun jù tàbí ó ti já jù láìpẹ́), àti ká rà nígbà tí owó ẹ̀ bá ga ju ti ogún ọjọ́ tó kọjá lọ. Mo ń yí nọ́ńbà inú wọn títí strategy fi pé 240 lápapọ̀. Ilẹ̀ mọ́ bá mi ni, jẹnẹrétọ̀ ni mo fi parí ẹ̀.

Ọ̀kan wá yọ láàárín gbogbo wọn, moving average ọjọ́ 8 àti ọjọ́ 35. ₦100,000 tá a fi bẹ̀rẹ̀ ní 2012 ti di ₦2.3 mílíọ̀nù ní 2023. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, nǹkan kan náà ló ń gbé jáde. Àwọn méjì tó tẹ̀ lé e náà ò burú, ọjọ́ 8 àti 40, ọjọ́ 10 àti 35.

Àjọ mi máa kàn mí lóṣù tó ń bọ̀, ₦900,000 ni. Ṣé kí n kó o lé ọ̀kan yìí, àbí kí n pín in sórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ewu ẹ̀ lè dín kù? Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn, mi ò rẹ́ni bá sọ ọ́ ládùúgbò.

Kóòdù_Ọ̀gànjọ́:

Àbúrò, o ṣeun tó o béèrè kí owó tó kúrò lọ́wọ́ ẹ. 240 tó o kọ yẹn bà mí lẹ́rù ju 2.3 mílíọ̀nù lọ. Wò ó báyìí, kó èèyàn 240 jọ sí pápá ìṣeré Òṣogbo, kí oníkálukú ju owó ẹyọ sókè lẹ́ẹ̀meje. Nínú irú èrò bẹ́ẹ̀, bí èèyàn méjì lo máa retí pé kí wọ́n rí orí nínú méjèèje. Ṣé wàá wá sọ pé àwọn méjì yẹn mọ owó jù, kó o gbé àjọ ẹ fún wọn? Bí gbogbo 240 yẹn bá tiẹ̀ jẹ́ òfìfo, bíi 12 nínú wọn á ṣì kọjá ìdánwò tá a bá fi 5% sílẹ̀ fún oríire. O wá mú èyí tó dára jù nínú wọn, èyí tó dára jù náà ló sì máa ń ní oríire jù.

Ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe nìyí. Gé dátà yẹn sí méjì. Fi 2012 sí 2018 yan strategy, má jẹ́ kí kóòdù ẹ rí 2019 sí 2023 rárá, tó o bá ti yàn tán kó o wá dán ọ̀kan tó o yàn yẹn wò lórí ọdún márùn-ún tó kù, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Tí kò bá ṣe dáadáa, o ò gbọ́dọ̀ padà lọ yí nọ́ńbà kó o tún wá dán an wò níbẹ̀, torí ọjọ́ tó o bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ dátà yẹn ti di ohun tó o ti rí, kò lè ṣẹ̀rí fún ẹ mọ́. Kó o sì wo àwọn aládùúgbò ẹ̀. Tí 8 àti 35 bá dára lóòótọ́, 7 àti 33 ò gbọ́dọ̀ jìnnà sí i, 9 àti 37 náà bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé o sún nọ́ńbà díẹ̀ báyìí gbogbo ẹ̀ wó, àkọsẹ̀bá ni.

Ìyá_Aláró:

Ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ò mọ kóòdù, ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ eléyìí, ṣùgbọ́n mo ti ń ra ṣíà láti 2006 tí mo ti ń fi aró jẹun. Ìbéèrè kan ni mo ní. Nínú ṣíà 30 tó o kó jọ yẹn, ṣé Skye Bank wà níbẹ̀? Diamond ńkọ́? Torí 2012 lo ti bẹ̀rẹ̀, àwọn méjèèjì ṣì wà lọ́jà nígbà yẹn, wọ́n ń rà wọ́n, wọ́n ń tà wọ́n. Skye, September 2018 ni CBN gba ìwé àṣẹ ẹ̀ tí Polaris fi gba ipò ẹ̀, owó àwọn tó ní ṣíà níbẹ̀ bá a lọ. Diamond wọnú Access ní 2019, ₦1 lórí ṣíà kọ̀ọ̀kan àti ṣíà Access méjì fún Diamond méje ni wọ́n san fún àwọn tó ní i. Tó bá jẹ́ pé àwọn tó ṣì wà láyé lónìí nìkan lo kó jọ, o ti yọ òkú kúrò nínú ìtàn nìyẹn, gbogbo ẹni tó o wá ń wò á dà bí ẹni tí kì í ṣàìsàn.

Èyí tó dùn mí lára jù ni mo fẹ́ sọ. Mo ra ṣíà iléeṣẹ́ ìbánigbófò kan ní 2007, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Ó já títí ó fi dé 50 kọ́bọ̀. Láyé ìgbà yẹn ṣíà kì í lè lọ sísàlẹ̀ 50 kọ́bọ̀ lọ́jà, January 2018 ni wọ́n tó sọ ọ́ di 1 kọ́bọ̀. Ọdún lọ, ọdún bọ̀, inú ìwé ìròyìn á máa gbé e pé 50 kọ́bọ̀ ni, èmi á pe bùrókà pé ẹ bá mi tà á ní 50 kọ́bọ̀ yẹn, wọ́n á ní ìyá, kò sẹ́ni tó fẹ́ rà á. Kọ̀ǹpútà tìẹ á rí 50 kọ́bọ̀, á sọ pé òun ti tà á. Ta ló tà á fún?

Dátà ẹ tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà tí iná ti jó tán. March 2008 index (nọ́ńbà tó ń sọ bí gbogbo ọjà ṣíà ṣe ń lọ) lé ní 66,000, nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ 2009 ó ti já sí bíi 20,000. Wá àwọn ọdún yẹn kún un, kó o rí bí strategy ẹ á ṣe ṣe nínú òjò.

Ọmọ_Ìgbọ̀nà:

Ìyá ti sọ ọ́. Àfikún tèmi: ṣí ibi tí software kọ gbogbo rírà àti títà sí, kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kódà bó bá gbà ẹ́ ní gbogbo Sunday. Èmi rí èrè ńlá kan nínú tèmi lọ́dún tó kọjá, ìgbà tí mo kà á dáadáa mo rí i pé ó ra ṣíà 41,000 lọ́jọ́ tó jẹ́ pé 3,200 péré ni gbogbo ọjà tà nínú ṣíà yẹn. Ọ̀kan míì rèé, owó ẹ̀ já láti ₦12 sí ₦8 mọ́jú, software ní ewu ti dé ó sì tà á, kò mọ̀ pé bonus (ṣíà ọ̀fẹ́) ni wọ́n pín, ọ̀kan lórí méjì, kò sẹ́ni tó pàdánù kọ́bọ̀. Dátà tí wọn ò bá tún ṣe nítorí bonus àti dífídẹ́ńdì, irọ́ lásán ló máa pa fún ẹ.

Ṣé o sì ní kó rà á ní owó ìparí ọjà ọjọ́ kan náà tí àmì yọ? Kò ṣeé ṣe, tó o bá fi máa mọ owó ìparí, ọjà ti ti. Ọjọ́ kejì ni kó rà á. Kó o tún rántí pé NGX ò jẹ́ kí ṣíà kọjá 10% lójúmọ́, sókè tàbí sísàlẹ̀, nígbà tó bá ti kan òrùlé báyìí gbogbo ayé ló ń rà kò sẹ́ni tó ń tà, orí ìlà lo máa wà. Ní ti owó tí wọ́n ń gé, kọmíṣọ́ọ̀n bùrókà lè tó 1.35% ní rírà, kó tún tó bẹ́ẹ̀ ní títà, VAT ń bẹ níbẹ̀, owó SEC tó ń ṣọ́ ọjà, CSCS tó ń tọ́jú ṣíà, NGX, stamp duty, àlọ àti àbọ̀ kan (rírà àti títà) lè jẹ ju 3% lọ. Strategy tó bá lọ tó bọ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún lọ́dún ti fi 15% sílẹ̀ fún wọn.

Atẹ̀wé_Òkèfíà:

Ẹ ṣé gan-an, ọlọ́run á san yín lẹ́san. Ìyá, kò sí Skye, kò sí Diamond, mi ò tiẹ̀ rò ó dé ibẹ̀ rárá. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi tún gbogbo ẹ̀ ṣe. Mo gé dátà, mo fi 3.5% sí àlọ àti àbọ̀ kọ̀ọ̀kan, mo ní kó máa rà lọ́jọ́ kejì, kò sì gbọ́dọ̀ ra ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí ọjà tà lọ́jọ́ yẹn. 8 àti 35 náà ló ṣì borí láti 2012 sí 2018. Mo wá gbé e lọ sórí 2019 sí 2023, ọkàn mi ń lù kìkì: ₦100,000 di ₦118,000. Ọdún márùn-ún o. Index fúnra ẹ̀ kúrò ní bíi 31,400 ní ìparí 2018, ó dé bíi 74,800 ní ìparí 2023. Ẹni tó kàn rà tó sì lọ sùn ju mí lọ. 9 àti 37 tiẹ̀ pàdánù.

Àjọ yẹn ò ní lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ fi sílẹ̀, mo fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń lo ọ̀pọ̀ strategy pọ̀ lọ́nà tó tọ́.

Kóòdù_Ọ̀gànjọ́:

O ti ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ò ní sùúrù fún. Ní ti lílo wọn pọ̀, mẹ́ta tó o fẹ́ pín owó sí lọ́jọ́ kìíní yẹn, ọ̀kan náà ni wọ́n. 8 àti 35, 8 àti 40, 10 àti 35, ọ̀sẹ̀ kan náà ni wọ́n á jọ ra ṣíà bánkì, ọ̀sẹ̀ kan náà ni wọ́n á jọ jáde, tí bánkì bá já mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á jọ ṣubú. Kọ èrè oṣooṣù strategy kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, wo correlation wọn (bí wọ́n ṣe ń jọ gòkè jọ já), wá èyí tí oúnjẹ ẹ̀ yàtọ̀, bóyá RSI tó ń rà nígbà tí ọjà bá já. Má dán wọn wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kó o wá ro èrè wọn pọ̀. Àpò owó kan ṣoṣo ni kó o fún gbogbo wọn, torí nígbà tí àmì mẹ́rin bá yọ lọ́jọ́ kan tí owó ọwọ́ ẹ ò sì ju ti méjì lọ, o gbọ́dọ̀ ti kọ ọ́ sínú kóòdù èyí tó máa kọ́kọ́ rà. Backtrader lè ṣe é fún ẹ nínú Python, AmiBroker náà ń ṣe é, àmọ́ Windows ló ń lò.

Atẹ̀wé_Òkèfíà:

Mo ti gbọ́ sà. Ó ku dátà àwọn tó ti kú yẹn, mo wá a títí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó já lọ́nà. Ṣé ẹnì kankan ní owó ojoojúmọ́ Skye àti Diamond?

Ìyá_Aláró:

Mo ní ìwé kan tí mo máa ń kọ owó ṣíà sí láti inú ìwé ìròyìn, ọjọ́ Friday Friday, láti 2006 títí di 2019. Aró ti ta sí ẹ̀yìn ẹ̀ ṣùgbọ́n inú ẹ̀ ṣeé kà. Kì í ṣe ojoojúmọ́, àmọ́ àwọn méjèèjì wà níbẹ̀. Wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jà Ìgbọ̀nà ní Saturday, kó o wá fi fóònù yà á. Má pẹ́ jù, ọ̀sán ni mo máa ń lọ sá aṣọ.