Ìdáhùn sí àbá "ikú abiyamọ"

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o.

Mo ti ka àbá ẹ̀gbọ́n wa pé kí a máa lo "ikú abiyamọ" fún ikú tó ń pa obìnrin nítorí oyún. Wọ́n ní ó dùn létí, ó sì rọrùn fún àwọn oníròyìn rédíò. Ó dùn létí lóòótọ́, àmọ́ kò gba ohun tí a fẹ́ kó sínú rẹ̀.

Ta là ń pè ní abiyamọ? Obìnrin tó pọn ọmọ lọ sọ́jà tí ọkọ̀ wá gbá pa, abiyamọ ló kú yẹn, oyún kọ́ ló sì pa á. Ọmọge tí oyún rẹ̀ kò ju oṣù mẹ́ta lọ, tí wọ́n bá a ṣẹ́ ẹ ní kọ̀rọ̀, tí ẹ̀jẹ̀ dà títí ẹ̀mí fi bọ́, kò tíì di abiyamọ, bẹ́ẹ̀ oyún ló pa á. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti là á kalẹ̀: ikú tó bá obìnrin nínú oyún, tàbí láàárín ọjọ́ 42 lẹ́yìn tí oyún bá kúrò lára rẹ̀, ìbáà bí i, ìbáà wálẹ̀, bó bá ṣáà ti jẹ́ pé oyún náà ló fà á, tàbí òun ló mú àìsàn mìíràn le sí i. Jàǹbá ọkọ̀ kò sí níbẹ̀.

"Ikú orí ìkúnlẹ̀" tí àwọn kan fi dípò rẹ̀ sàn díẹ̀, torí ẹnu àwọn ìyá wa la ti gbọ́ ọ. Ó ti há jù ni. Obìnrin tí ilé ọmọ rẹ̀ kẹ̀, tí ibà sì pa á lọ́jọ́ kẹsàn-án, nígbà tí wọ́n ti sọmọ lórúkọ tán, ṣé a ó ní orí ìkúnlẹ̀ ló kú sí?

Àbá tèmi ni "ikú àtoyúnwá". A ti ní àtọ̀runwá, a ti ní àtẹ̀yìnwá. Bí a ṣe hun wọ́n náà ni mo ṣe hun èyí. Ẹnìkan lè ní mo ń dá oyún lẹ́bi. Ṣebí "Ẹ kú ewu ọmọ" la fi ń kí ìyá ìkókó, kò sì sẹ́ni tó rò pé a ń bú ọmọ.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé kíka òkú wà nídìí ẹ̀. Àwọn àjọ àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí 260,000 obìnrin ló kú irú ikú yìí lọ́dún 2023, nǹkan bí 75,000 nínú wọn ní Nàìjíríà. Bí òṣìṣẹ́ ìlera bá ń wọ ilé dé ilé, tó ń béèrè pé "Ṣé abiyamọ kankan kú níbí?", wọ́n á ní rárá, ọmọge tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kò ní wọ ìwé.

Èyí tí inú ń bí mi sí jù ni "gìrì aboyún", tí ìwé ìléwọ́ kan lò fún gìrì tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń kó bá aláboyún. Gìrì nílé Yorùbá, àìsàn ọmọdé ni, ìtọ́jú tirẹ̀ sì ti wà nílẹ̀: àgbo, ewé tábà, ìtọ̀ màlúù. Ẹ sọ fún ìyá ọkọ pé gìrì mú ìyàwó, ìkòkò ló máa gbé kaná, kò ní wá mọ́tò. Bẹ́ẹ̀ abẹ́rẹ́ magnesium sulphate ló yẹ kó gbà. Ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní Magpie, ti ọdún 2002, fi hàn pé abẹ́rẹ́ yìí dín ewu gìrì náà kù ju ìlàjì lọ fún àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń yọ lẹ́nu nínú oyún. Ẹ jẹ́ kí a pe àìsàn náà ní "ẹ̀jẹ̀ ríru aboyún". Ẹni tó bá gbọ́ ọ á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ń dè mọ́ apá ni. Mo mọ̀ pé àwọn dókítà ya ẹ̀jẹ̀ ríru sọ́tọ̀ kúrò lára gìrì tó ń tẹ̀lé e. Kí wọ́n fi "tó ti di gìrì" kún un, ó parí.

Àwọn tó ní ará ìlú kì í gba ọ̀rọ̀ tuntun tí a ṣẹ̀dá, ẹ wo ìpínlẹ̀ Òǹdó. Ọdún 2009 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò Abíyè ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọrẹ, tí wọ́n fún àwọn aláboyún ní fóònù láti fi pe òṣìṣẹ́ ìlera. Nígbà tó yá, wọ́n dá Agbẹ̀bíyè sílẹ̀ láti fa àwọn ìyá agbẹ̀bí mọ́ra. Agbẹ̀bí àti yè, wọ́n lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ta ló máa gbọ́ ọ tí yóò béèrè ìtumọ̀?

Ó ku ọ̀rá tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ ìdí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tó ní àpò àti ìlà lára, kí agbẹ̀bí lè rí i gan-an bí ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó, kó má kàn fojú díwọ̀n. Ìwádìí E-MOTIVE, tí Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tanzania àti South Africa kópa nínú rẹ̀, so ọ̀rá yìí mọ́ ìtọ́jú kíákíá. Àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2023, ẹ̀jẹ̀ dídà tó le koko àti aburú tó ń bá a rìn sì fi 60 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Ẹnìkan pè é ní "ọ̀rá agbẹ̀jẹ̀" níbí. Ẹni tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí lára là ń pè ní agbẹ̀jẹ̀. Èmi fara mọ́ "ọ̀rá ìwọn-ẹ̀jẹ̀", àyàfi bí ẹ bá ní èyí tó dáa jù ú lọ.