Láti Alákíà dé Mọ́kọ́lá: ọ̀nà wo ni ó dára jù fún àlejò?

Àlejò láti Kàdúná:
Mo kí gbogbo ilé. Èmi àti ìyàwó mi ń bọ̀ ní Ìbàdàn fún ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀. Yorùbá ni wá, ṣùgbọ́n òkè ọya ni a ti dàgbà, ẹsẹ̀ wa kò sì tẹ Ìbàdàn rí. Àbújá ni a ó ti wọ bàálù, yóò sì balẹ̀ ní Alákíà ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Àgbègbè Mọ́kọ́lá ni ilé ìtura wa wà. Ṣé a ó rí takisí nínú pápákọ̀ náà, àbí kí a fẹsẹ̀ rìn jáde sí títì? Ẹrù wa pọ̀ nítorí aṣọ ẹbí tí a ń kó bọ̀, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ojú àlejò rẹ́ wa jẹ.

Ará Agodi:
Ẹ kú ìmúra ìnáwó. Pápákọ̀ òfurufú Alákíà, tí ìjọba ti fi orúkọ Samuel Ládòkè Akíntọ́lá pè báyìí, kò tóbi débi tí ènìyàn yóò fi sọnù níbẹ̀. Àwọn awakọ̀ takisí máa ń dúró de èrò ní ìta nígbà tí bàálù bá ń balẹ̀. Ẹ dúnàádúrà kí àpótí yín tó wọ inú búùtù, nítorí pé bí ẹrù bá ti wọlé tán, ọwọ́ awakọ̀ ni ọ̀rọ̀ kù sí. Kí ẹ tó kúrò ní Àbújá, ẹ pe ilé ìtura yín, kí ẹ bi wọ́n léèrè iye tí àwọn àlejò wọn ń san láti Alákíà, kí ẹ sì fi iye yẹn bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú awakọ̀.

Ní ti ọ̀nà, ọkọ̀ yóò gbé yín dé Ìwó Road, yóò gba Agodi Gate lọ sí Total Garden, yóò kọjá níwájú ilé ìwòsàn UCH, lẹ́yìn náà ni ẹ ó já sí Mọ́kọ́lá. Ìwó Road nìkan ni yóò dá yín dúró, nítorí aago márùn-ún ọjọ́ Ẹtì ni ẹ mú yẹn, gbogbo ọkọ̀ tí ó ń ti Èkó àti Ifẹ̀ bọ̀ ni ó ń pàdé níbẹ̀.

Ìyá Bódìjà:
Òótọ́ ni Ará Agodi sọ, ṣùgbọ́n bí ó bá ṣe tèmi ni, ilé ìtura ni n ó ní kí ó rán awakọ̀ wá pàdé mi. Ó lè wọ́n díẹ̀ ju takisí lọ, àmọ́ ẹni tí ó ń kó aṣọ ẹbí bọ̀ kò yẹ kí ó máa ti inú ọkọ̀ kan bọ́ sí òmíràn. Ohun tí yóò sì ṣẹlẹ̀ nìyẹn bí ẹ bá jáde sí títì lọ wọ Micra tí gbogbo ìgboro ń wọ̀. Ọkọ̀ àwọn èrò tí kò mọ ara wọn rí ni, ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó ń ná, búùtù rẹ̀ kò sì lè gba àpótí yín. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó gbé ẹ̀yin nìkan dé ẹnu géètì, ẹ sọ fún un pé dúrọ́ọ̀pù ni ẹ fẹ́.

Ẹ tún bi ilé ìtura léèrè ohun tí ó wà nítòsí wọn. Bí ẹ bá ka nọ́ḿbà ilé fún awakọ̀ Ìbàdàn, yóò kàn máa wò yín ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní ó wà nísàlẹ̀ òkè tí Premier Hotel wà, tàbí pé ó súnmọ́ afárá Mọ́kọ́lá, kò ní bi yín ní ìbéèrè mìíràn.

Àlejò láti Kàdúná:
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Bí wọ́n bá fagi lé bàálù Ìbàdàn ńkọ́, tí ó jẹ́ ti Èkó ni a rí wọ̀?

Òṣìṣẹ́ Mọníyà:
Ẹ lè wọ ọkọ̀ ojú irin láti Agége, nítorí ibùdókọ̀ ibẹ̀ kò jìnnà sí pápákọ̀ Ìkẹjà. Láti ọdún 2021 ni ó ti ń kó èrò, kò sì mọ ohun tí ń jẹ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wákàtí ni ó ń gbéra, nítorí náà ẹ wo àkókò rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Mọníyà ni yóò já yín sí, níta ìlú. Láti ibẹ̀, ọ̀nà tààrà ni, ẹ ó gba Òjóò, ẹ ó kọjá níwájú Yunifásítì, Sángo ni yóò tẹ̀ lé e, kí ẹ tó dé Mọ́kọ́lá. Bí ó bá jẹ́ mọ́tò ni ẹ wọ̀ láti Èkó, ẹ béèrè èyí tí ó ń lọ sí Ìwó Road, kí ẹ má wọ ti Challenge, nítorí pé apá ibòmíràn ni ìyẹn yóò já yín sí.