Ojú kìíní Kind of Blue ń sáré: báwo lẹ ṣe ń tún un ṣe?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwo jáàsì àtijọ́ Kind of Blue ti Miles Davis (1959) ni mò ń gbà sórí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú Audacity (ètò tí wọ́n fi ń gba ohùn sílẹ̀ tí wọ́n sì fi ń tún un ṣe), ní 24-bit, 96 kHz, mo sì ń fi pamọ́ bíi FLAC (irú fáìlì tí kì í dín ohùn kù). Ẹ̀rọ tí wọ́n fi gba orin mẹ́ta ojú kìíní sílẹ̀ nígbà náà ń falẹ̀ díẹ̀, ìyẹn ni àwọn orin náà fi ń yára tí ohùn wọn sì ga jù nígbà tí wọ́n bá ń lù wọ́n ní ìyára tó tọ́ láti orí àwo. Ojú kejì kò níṣòro. Ẹ̀rọ àwo mi ń yí ní ìgbà 33⅓ ní ìṣẹ́jú kan gan-an, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Nínú Audacity, Change Speed (tó ń yí ìyára àti gíga ohùn padà pọ̀) ni mo fẹ́ lò, torí Change Pitch (tó ń yí gíga ohùn nìkan padà) máa ń ba ìró símbà (àwo idẹ ara ìlù) jẹ́. Ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún lẹ máa ń dín kù? Àbí kí n fi ohùn dùùrù inú CD 1997, tí wọ́n ti tún ìyára rẹ̀ ṣe, díwọ̀n tèmi? Ẹ má kàn ní kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ o, etí mi ò gbà á.