"Ìsọdàyè" kọ́ o: òjìji ló rìn, bọ́tìnnì wà níbi tó wà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìjíròrò.

Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n wa ti gbé "ìsọdàyè" kalẹ̀ fún animation (mímú kí nǹkan máa rìn tàbí kó máa yí padà lójú fóònù) inú áàpù, tí wọ́n sì ní "ìtẹ̀" ni ká máa pe touch (kí ọwọ́ kan ojú fóònù), ìyìn nìkan ni mò ń kà. Mo fẹ́ dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnìkan wá kọ ọ́ síbí pé kò sẹ́ni tó lẹ́nu láti ta kò ó, torí pé olùkọ́ èdè ni ẹ̀gbọ́n. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn. Áàpù Android lèmi ń kọ jẹun, mo lẹ́nu níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ náà wò. "Sọ di ààyè" ni wọ́n ní lọ́kàn. Bí "di" bá pàdé "ààyè", i ló ń sá lọ, "dààyè" ló sì yẹ kó kù. Ẹ̀gbọ́n gé à kan dànù, ó wá di pé a sọ nǹkan di àyè. Àyè wo? Àyè ìjókòó inú mọ́tò? Ẹni tó bá ní à kan ò tó nǹkan, kó lọ sílé aláìsàn, kó béèrè bóyá bàbá ṣì wà "láyè", kó wo ojú tí wọ́n máa fi wò ó.

Bí a tilẹ̀ dá à yẹn padà, mi ò ní gbà á. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àwọn tó pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì wo ohun tó ń ṣe: ó ń sọ tirẹ̀, kì í gba èsì. Nígbà tí amóhùnmáwòrán dé Ìbàdàn lọ́dún 1959, ojú rí àwòrán, etí gbọ́ ohùn, orúkọ rẹ̀ sì sọ méjèèjì. Irú etí bẹ́ẹ̀ ti ń wọ́n láàárín wa. Kí wá ni bọ́tìnnì ń ṣe?

Ẹ fi TranslateAnimation, irinṣẹ́ animation àtijọ́ ti Android, gbé bọ́tìnnì láti apá òsì ojú fóònù lọ sí apá ọ̀tún bí ọwọ́ bá ti kàn án. Ẹ kọ setFillAfter(true) kó má bàa fò padà. Ó lọ, ó dúró síbẹ̀, ó dùn ún wò. Ẹ wá tẹ̀ ẹ́ níbi tó dúró sí: kò dáhùn. Ẹ tẹ ibi tó ṣófo tó ti kúrò: ó dáhùn! Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ti sun oorun àìtó lórí èyí, wọ́n ń wá àṣìṣe níbi tí kò sí. Bí wọ́n ṣe ṣe irú animation yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ náà nìyẹn: bí wọ́n ṣe ń ya bọ́tìnnì sójú fóònù nìkan ló ń yí, bọ́tìnnì fúnra rẹ̀ kò kúrò lójú kan. Òjìji ló rìn. Android 3.0, lọ́dún 2011, ló mú irinṣẹ́ mìíràn wá, ObjectAnimator. Bí ìyẹn bá yí translationX (bí bọ́tìnnì ṣe sún sí ẹ̀gbẹ́ tó) padà, ibi tí ojú rí bọ́tìnnì náà ni ọwọ́ yóò ti bá a.

Ẹ sọ fún mi, èwo nínú méjèèjì ni "ìsọdààyè"? Èmi ní ìrìn-òjìji àti ìrìn-ara. Ọmọ tó bá gbọ́ ìrìn-òjìji kò ní lọ máa tẹ òjìji. Ẹni tó dábàá "ìṣípòpadà" gbìyànjú, ṣùgbọ́n getLeft(), tó ń sọ ipò tí a tò ó sí, kò yí padà nínú ObjectAnimator yẹn; getX(), tó ń sọ ibi tí ojú ti rí i, ló yí. Ipò yẹn kò ṣí. Bó bá jẹ́ pé ó kàn ń ṣá bí àwọ̀ aṣọ ni, ẹ pè é ní ìṣá, ká sinmi.

Ó ku "ìtẹ̀". Ọwọ́ kàn án, ọwọ́ wọ́ lórí rẹ̀, ọwọ́ kúrò: Android pè wọ́n ní ACTION_DOWN, ACTION_MOVE, ACTION_UP. Ẹni tó bá pe gbogbo rẹ̀ ní ìtẹ̀ kan yóò bẹ̀rẹ̀ animation láì béèrè èwo ló dé, yóò sì máa tún un bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i bí ìka bá ti mira, gbogbo rẹ̀ á máa gbọ̀n. Bó bá sì jẹ́ ImageView (àwòrán ojú áàpù) tí a kò sọ pé ó ṣeé tẹ̀, tí onTouch, kóòdù tó ń dá ọwọ́ lóhùn, dá false (rárá) padà nígbà ACTION_DOWN, kò ní gbúròó ìyókù mọ́. ScrollView, ojú ewé tí à ń fi ọwọ́ wọ́ sókè sódò, náà lè já ọwọ́ gbà mọ́ ọn lọ́wọ́, kí ACTION_CANCEL (a fagi lé e) dé dípò ACTION_UP, kí bọ́tìnnì tó ti súnkì nígbà tí ọwọ́ kàn án wá dúró bẹ́ẹ̀. Ìfọwọ́kàn ni gbogbo rẹ̀. Ẹ fi ìtẹ̀ sílẹ̀ fún click (kí ọwọ́ kàn án, kó sì kúrò).

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń kọ "ìfọwọ́kan", ẹ jọ̀ọ́. "Ó fọwọ́ kan bọ́tìnnì" dára, torí ọ̀rọ̀-orúkọ tó tẹ̀ lé e ló sọ ohùn ìsàlẹ̀ di àárín. Kí ló tẹ̀ lé kàn nínú ìfọwọ́kàn?

Ọmọ Èkìtì tó béèrè ìdí tí "ùfọwọ́kàn" kò fi lè wọlé, nígbà tó jẹ́ pé "ulé" ni wọ́n ń pe ilé lọ́dọ̀ wọn: ìbéèrè rẹ kì í ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn tó fi í rẹ́rìn-ín níbí ò tíì dá ọ lóhùn. Èmi náà ń retí èsì wọn. Kí ẹ̀gbọ́n sì sọ ibi tí à kejì wọlé sí.