Ọbẹ̀ míso olú mi kàn ń níyọ̀ ni, kò dùn, kí ni mò ń ṣe tí kò tọ́?

Àṣàkẹ́_Nagoya:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Nagoya ni èmi àti ọkọ mi wà báyìí, oṣù keje rèé tá a dé, òtútù ti ń wọlé díẹ̀díẹ̀, olú sì kún gbogbo súpámákẹ́ẹ̀tì lóríṣiríṣi, shimeji, enoki, maitake, shiitake, kò wọ́n rárá. Ìyá àgbà kan tó jẹ́ ọmọ Japan tó ń gbé nísàlẹ̀ wa gbé ọbẹ̀ míso olú wá fún wa ní Sátidé kan (míso ni sóyà lílọ̀ tí wọ́n pò mọ́ iyọ̀ tí wọ́n sì jẹ́ kó kan), abọ́ kékeré lásán ni o, ṣùgbọ́n ọkọ mi fi ìka nu ìdí abọ́ yẹn. Kò sí ata níbẹ̀, kò sí epo, kò sí ẹran, síbẹ̀ adùn ẹ̀ ò kúrò lẹ́nu mi títí mo fi sùn.

Ni mo bá ní kí n sè é. Mo ra míso kan tó dúdú bíi ṣokoléètì, mo fi òróró dín àlùbọ́sà, mo da omi sí i, mo po ṣíbí ìjẹun mẹ́rin míso yẹn mọ́ ọn, mo da olú tí mo ti fọ̀ dáadáa sí i, mo fi Maggi kan sí i, mo wá dé e kó hó fún bí ogún mínìítì bá a ṣe ń se ọbẹ̀ nílé. Iyọ̀ nìkan ló ń ta lẹ́nu! Ìdí ìkòkò dà bí ẹrẹ̀, olú yẹn sì rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti sè é báyìí. Ọkọ mi ò sọ nǹkan kan, ó jẹ ẹ́, àmọ́ mo mọ ojú ẹ̀. Mi ò sì lè bi ìyá yẹn torí èdè wọn tí mo gbọ́ ò tíì ju "ẹ káàárọ̀" àti "ẹ ṣé" lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n sè kó là á yé mi, kó má fi nǹkan kan sílẹ̀.

Ọmọ_Ìbàdàn_Saitama:
Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́ o, kò sóhun tó ṣe ọwọ́ yín. Ọdún kẹsàn-án mi rèé ní Saitama, ìdí ìdáná ilé oúnjẹ kan ni mo ti kọ́kọ́ ríṣẹ́ nígbà tí mo dé, ìkòkò míso àárọ̀ sì ni wọ́n fà lé mi lọ́wọ́.

Dashi lẹ fò. Ẹ wò ó báyìí, tẹ́ ẹ bá fẹ́ se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tó máa dùn, ṣé omi ẹ̀rọ lásán lẹ máa fi sè é? Ọmitoro ńkọ́? Dashi ni ọmitoro tiwọn, àmọ́ kò sí ẹran níbẹ̀. Kombu ló ń kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, ìyẹn ewéko òkun kan tó gbẹ tó sì nípọn, Hokkaido lókè lọ́hùn-ún ni èyí tó pọ̀ jù ti ń wá. Lẹ́yìn náà katsuobushi, ẹja kan tó jọ tuna tí wọ́n sè tí wọ́n sì fi èéfín gbẹ títí tó fi le gan bí igi, wọ́n á wá fá a fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí káfíńtà ṣe ń fá pákó. Ajinomoto tá a mọ̀ nílé yẹn gan-an, ìdí kombu ló ti jáde o: ọ̀jọ̀gbọ́n Kikunae Ikeda ní Tokyo ló ń wá ohun tó ń mú omi kombu dùn, ó rí i ní 1908, ó pe adùn náà ní umami, nígbà tó di 1909 wọ́n ti ń tà á. Torí náà adùn tá à ń bù sọ́bẹ̀ látinú ọ̀rá, inú ewé yẹn lẹ máa ti fúnra yín fà á jáde.

Èèyàn mẹ́rin: omi tútù 800 ml, kombu 10 g. Ẹ má fọ kombu o, ìyẹ̀fun funfun tó wà lára ẹ̀ kì í ṣe ìdọ̀tí, aṣọ tó tutù díẹ̀ lẹ máa fi nù ún. Ẹ rẹ ẹ́ fún ọgbọ̀n mínìítì, tó bá sùn mọ́jú nínú fíríìjì ó tún dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá gbé e kaná jẹ́jẹ́, bẹ́ ẹ bá ti rí i tí nǹkan bí ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké ń yọ nídìí ìkòkò, ẹ yọ kombu yẹn kíá kómi tó hó, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ omi á máa yọ̀, á sì fẹ́ korò. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ jẹ́ kómi hó, ẹ paná, ẹ da ẹ̀kúnwọ́ ńlá katsuobushi kan sí i, bíi 15 g, ẹ má rò ó, mínìítì kan sí méjì, ẹ sẹ́ ẹ. Ẹ má fún èyí tó kù sínú asẹ́ o. Ẹ gbé imú síbẹ̀ kẹ́ ẹ gbọ́ òórùn ẹja yíyan, omi yẹn á mọ́ gaara, á pọ́n díẹ̀ bí oyin tí wọ́n fi omi là.

Olú: ẹ má fọ̀ ọ́ bí ẹ̀fọ́, omi ló máa mu bíi kànrìnkàn. Ẹ nù ún, ẹ gé ìdí ẹ̀ dànù, kẹ́ ẹ fọwọ́ ya shimeji àti maitake. (Maitake máa ń mú omi ọbẹ̀ ṣú, kò bà á jẹ́.) Oríṣi méjì tàbí mẹ́ta pa pọ̀, bíi 200 g. Dashi tó ti tutù ni kẹ́ ẹ kó o sí, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbóná díẹ̀díẹ̀ kí adùn olú lè jáde sómi, tó bá wá ń hó, ẹ fi iná sílẹ̀ bíi mínìítì mẹ́rin.

Ẹ PANÁ. Ìgbà yìí ni míso ń wọlé. Ẹ bù ú sínú ṣíbí ọbẹ̀ ńlá, ẹ fi omi ọbẹ̀ díẹ̀ yọ́ ọ títí kò fi ní kókó mọ́, kẹ́ ẹ tó dà á sí ìkòkò. Ṣíbí ìjẹun mẹ́ta, ẹ tọ́ ọ wò kẹ́ ẹ tó bu ìkẹrin. Kò gbọ́dọ̀ hó mọ́! Tó bá ti hó, òórùn ẹ̀ ti bá èéfín lọ, iyọ̀ ló kù. Maggi, òróró, rárá o, ẹ gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́.

TèmiDùn_Peckham:
Bọ̀dá Saitama ẹ ṣeun gan-an. Kí n fi tèmi kún un fún ẹni tí ò lè jẹ ẹja. Ara ọmọ mi máa ń wú tó bá jẹ ẹja, torí náà shiitake gbígbẹ ni mò ń lò, ọ̀dọ̀ àwọn Ṣáínà níbí ni mo ti ń rà á. Márùn-ún nínú omi TÚTÙ 800 ml, ó sùn mọ́jú nínú fíríìjì, ẹ má fi omi gbígbóná kánjú ẹ̀, kì í dùn tó bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ omi yẹn ti pọ́n bíi tíì, màá gé ìdí ẹ̀ tó le sọnù, màá gé ìyókù wẹ́wẹ́ sínú ọbẹ̀. Tí mo bá ní kombu mo máa ń rẹ ẹ́ pọ̀ mọ́ ọn, adùn méjèèjì máa ń gbé ara wọn ga ni. Ọmọ mi ń mu ún bíi ẹ̀kọ.

Aichi_Ni_Mo_Wà:
Ohun tí bọ̀dá sọ dáa, àmọ́ wọn ò bi àǹtí léèrè irú míso tí wọ́n rà. Míso tó pọ̀ jù ní Japan, sóyà ni pẹ̀lú iyọ̀ àti ìrẹsì tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó bu, koji ni wọ́n ń pè é. Èyí tó dúdú bíi ṣokoléètì ní agbègbè wa yìí, sóyà nìkan ni, kò sí ìrẹsì níbẹ̀, nítòsí Nagoya níbí ní Okazaki ni wọ́n ti ń ṣe èyí tó lókìkí jù tí wọ́n ń pè ní Hatcho. Inú àgbá onígi ńláńlá ni wọ́n ń rọ ọ́ sí, wọ́n á to òkúta lé e lórí bí ẹni to ebè, ó di ọdún méjì kó tó jáde. Irú tá a fi ń sebẹ̀ nílé, ọjọ́ díẹ̀ ló ti dé, ẹ wá wo ọdún méjì! Ìdí nìyẹn tó fi lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí kì í sì í tètè yọ́. Ẹrẹ̀ tí àǹtí rí, míso tí ò yọ́ ni. Ẹ gbé asẹ́ kékeré sínú ìkòkò, ẹ fi ṣíbí rin ín gba inú asẹ́ yẹn, ṣíbí méjì ààbọ̀ tó fún omi yẹn. Tàbí kẹ́ ẹ po ìdajì ẹ̀ mọ́ míso funfun, wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Bọ̀dá, ti pé kò gbọ́dọ̀ hó yẹn, èyí tó dúdú yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ kọ ìhó o, ní Nagoya wọ́n ń fi í se udon, ìyẹn núdùlù wọn tó nípọn, nínú ìkòkò amọ̀ tó ń hó yaya dé orí tábìlì. Àmọ́ fún ọbẹ̀ olú, mo gbà, ẹ paná. Àti pé ẹ wo ara ike ẹ̀, tẹ́ ẹ bá rí だし入り, dashi ti wà nínú ẹ̀ nìyẹn, ẹ dín in kù.

Ọmọ_Ìbàdàn_Saitama:
Òótọ́ lẹ sọ, apá ọ̀dọ̀ wa níbí èyí tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ la sábà ń lò, mi ò rántí ti Hatcho. Àǹtí, tiwọn ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé lórí míso.

Ìyá_Ìlọrin:
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́. Àṣàkẹ́, ọ̀rọ̀ kan ni mo ní. Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, ìyá ìyá mi á kó wa lọ síbi òkìtì ọ̀gán láti lọ ká olú, kò jẹ́ jẹ́ ká dá lọ, gbogbo èyí tá a bá ká ló máa yí wò lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó kan ìkòkò. Ìlú tó o wà yẹn kì í ṣe ibi tó o ti mọ olú inú igbó. Èyí tí wọ́n ń tà ni kó o rà, má bá ẹnikẹ́ni wọgbó lọ ká a.

Aichi_Ni_Mo_Wà:
Ìyá, ẹ ṣé o. Ọ̀kan wà níbí tí wọ́n ń pè ní tsukiyotake, ó jọ shiitake gan-an, májèlé ni, òun ló ń ṣe àwọn èèyàn jù níbí nígbà ìkórè olú. Àwọn ọmọ onílùú gan-an ń ṣì í mú.

Àṣàkẹ́_Nagoya:
Ẹ̀yin èèyàn mi mo ti sè é!! Kombu sùn mọ́jú, mo yọ ọ́ kó tó hó, shimeji àti maitake, mo po míso dúdú mọ́ funfun, mo fi asẹ́ yọ́ ọ, mo dúró ti iná yẹn bí ẹni ń ṣọ́ ọmọ. Ìyá Ìlọrin, ẹ ṣeun mà, mi ò ní wọgbó. Ọkọ mi mu abọ́ kìíní, kò sọ̀rọ̀, ó na abọ́ padà sí mi. Mo bu díẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ fún ìyá àgbà ìsàlẹ̀, ó tọ́ ọ wò ní ẹnu ọ̀nà níbẹ̀, ó sọ nǹkan kan tí mi ò gbọ́, ó ní kí n dúró, ó wọlé, ó mú àlùbọ́sà eléwé jáde, ó gé e wẹ́wẹ́ sórí ẹ̀ lójú mi, ó wá tì í sí mi lọ́wọ́ pé kí n tọ́ ọ wò.