Ọmọ mi ń fi orí gbá ògiri, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí

Ìyá Àyọ̀:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún 6, autism ló ní, ìyẹn ìṣòro tó máa ń wà nínú bí ọpọlọ ọmọ ṣe ń dàgbà, kò tíì máa sọ̀rọ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń gé ọwọ́ ara ẹ̀ jẹ, ìdí àtàǹpàkò ẹ̀ ti le gbagidi bí àtẹ́lẹsẹ̀, ṣùgbọ́n orí tó ń gbá mọ́ ògiri yìí, ọ̀sẹ̀ 3 péré ni. Àwọn kan ní kí n nà án, àwọn kan ní ẹ̀mí òkùnkùn ni. Lánàá mo jókòó ti ògiri, mo fi àtẹ́lẹwọ́ mi há àárín kí ògiri má baà ba orí ẹ̀, èmi àti ẹ̀ la jọ ń sunkún. Kí ni kí n ṣe?

Bàbá Ọ̀dọ́mọbìnrin:
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má nà án o. Ibo lórí ẹ̀ ló fi ń gbá ògiri? Torí ọmọ tèmi, ìkúùkù ló ń fi lu etí òsì ẹ̀, òsì nìkan, a rò pé ìwà lásán ni, oṣù 2 la fi ń bá a wọ̀yá ìjà kí dókítà tó yẹ etí yẹn wò, ọyún ti kún ibẹ̀. Ọmọ tí ò lè sọ pé etí ń dun òun, kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Ó ṣì ń dùn mí dòní. Etí, eyín, ìgbẹ́ tí ò jáde, ẹ ní kí wọ́n yẹ gbogbo ẹ̀ wò.

Àǹtí Tísà:
Ibẹ̀ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Tí wọn ò bá wá rí nǹkan kan, ẹ wá ìwé kékeré, ẹ máa kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, ohun tó ṣe, àti ohun tẹ́yin náà ṣe lẹ́yìn ẹ̀. Ọmọ kan tá a jọ ṣiṣẹ́, ìgbà tá a bá ní kó palẹ̀ nǹkan ìṣeré ẹ̀ mọ́ ló máa ń gbá orí, bó bá sì ti gbá a, a ó ní ó tó, fi í lẹ̀. Àwa la kọ́ ọ pé orí gbígbá ni wọ́n fi ń sọ pé mi ò ṣe mọ́! A wá ya àwòrán ọwọ́ sórí káàdì, tó bá ti gbé e wá báyìí, a ó dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀. Àwọn olùwádìí méjì, Carr àti Durand, ti gbé iṣẹ́ jáde lórí irú ẹ̀ ní 1985, ó ti pẹ́. Ṣùgbọ́n kì í yá o, ọmọ yẹn gbà wá tó oṣù 4.

Ìyá Àyọ̀:
Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún! Ọ̀tún nìkan ló fi ń gbá a! Etí ò tiẹ̀ sọ sí mi lọ́kàn rárá. Ẹnì kan ti ní kí n lọ gba oògùn kan tó ń jẹ́ risperidone fún un.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Ẹ sinmi ná. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn yẹn ní 2006 fún ọmọ autism láti ọdún 5 sí 16 tí inú máa ń bí sódì, tó fi mọ́ àwọn tó ń ṣe ara wọn léṣe, ó sì ń ran àwọn kan lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ebi á máa pa wọ́n ṣáá, wọ́n á sanra, dókítà gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ wọn. Tó bá gbá orí tán tó ń bì, tó ń tòògbé ju ti tẹ́lẹ̀, tàbí tí kò lè rìn dáadáa, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni o, ẹ má dúró kọ nǹkan kan sílẹ̀.

Ìyá Àyọ̀:
Ẹ ṣé gan-an. Àárọ̀ ọ̀la la máa lọ, etí ọ̀tún yẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ tan iná wò kí wọ́n tó bá mi sọ̀rọ̀ oògùn. Màá padà wá sọ ohun tí wọ́n bá rí.