Àpótí ìwé tí òjò ń wọ̀: ibi tí mo bá a dé

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Èmi tí mo kan àpótí ìwé síwájú ilé wa ní Sùúrùlérè, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wú, tí òjò ń ba ìwé inú rẹ̀ jẹ́, tí mo sì béèrè ìmọ̀ràn lọ́wọ́ yín, ni mo wá jábọ̀.

Ẹni tó ní kí n fi páànù bo òrùlé ló gbà mí. Mo jẹ́ kó yọ síwájú ní ínǹṣì 3. Òjò rọ̀ mọ́jú, ìwé kankan ò tutù. Ọ̀dà tí mo tún kùn ò dá nǹkan ṣe, àfi ìgbà tí mo kun etí pílàìwúùdù tí mo fi kan àpótí náà. Ibẹ̀ gan-an lomi ń gbà wọlé, mi ò sì kùn ún rí!

Mo fi ìfági fá ilẹ̀kùn. Ó ń tì, àmọ́ ó ṣì ń há láàárọ̀. Ó wá ku ikán tó ń jẹ òpó ìsàlẹ̀. Ẹ ṣé.